Lexus Tí Ẹ Ń Wò Yẹn, Ọmọ Ìyá Camry Ni

Ní Sátidé kan nínú oṣù tó kọjá, mẹ́rin nínú wa dúró sínú oòrùn níwájú ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ta ọkọ̀ tòkunbọ̀ n'Íbàdàn. Kì í ṣe pé a lówó ọkọ̀ o. Owó táyà kan ṣoṣo gan-an, a ò ní. Ìyá ọ̀kan nínú wa ló fẹ́ ra ọkọ̀, wọ́n sì ní kí a bá àwọn lọ nítorí pé méjì nínú wa ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ. Màmá yìí ń ta aṣọ ní Gbági. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi dá àjọ kí owó náà tó pé, ní gbogbo ọdún mẹ́ta yẹn, kẹ̀kẹ́ Márúwá àti ọkọ̀ èrò ni wọ́n fi ń kó ẹrù.

Ọkọ̀ méjì ló wà níbẹ̀ tí owó wọn ká. Ọ̀kan jẹ́ Camry ọdún 2005, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí Big Daddy, oní-sílíńdà mẹ́rin. Èkejì jẹ́ Lexus ES 330, ọdún 2005 bákan náà. Mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ náírà ni Lexus fi wọ́n ju Camry lọ. Nígbà tí Màmá béèrè ohun tó fà á, ọ̀gbẹ́ni náà rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ sí àmì L tó wà níwájú ọkọ̀.

“Màmá, ẹ má fi èyí wé Camry o. Lexus nìyí. Bí ẹ bá gbé e dé òde, wọ́n á mọ̀ pé ẹ dé.”

Màmá yíjú sí wa. “Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé, ẹ̀yin ni mo mú wá. Ṣé òótọ́ ló ń sọ?”

Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Méjì nínú wa ní òótọ́ ni, méjì ní irọ́ ni. A jà á nínú ọkọ̀ tó gbé wa padà, a jà á dé họ́sítẹ̀lì, ẹni tó ń ta ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà náà dá sí i. Ohun tí a fẹnu kò sí lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ni a kọ síbí. Kò sí ohun tó burú nínú kí ilé iṣẹ́ kan gbé ọkọ̀ mẹ̀kúnnù, kí ó tún un ṣe, kí ó sì tà á fún olówó. Ohun tó burú ni kí ẹni tó ń kówó sílẹ̀ má mọ èyí tó jẹ́ owó ọkọ̀ àti èyí tó jẹ́ owó orúkọ nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo abẹ́ ọkọ̀ náà. Lexus kì í ṣe ilé iṣẹ́ ọ̀tọ̀. Toyota ló dá a sílẹ̀, ọdún 1989 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní Amẹ́ríkà. Ọkọ̀ méjì ni wọ́n fi ṣí ọjà. LS 400 ni wọ́n dìídì ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, òun ni wọ́n fi lọ kojú Mercedes àti BMW. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kan ṣoṣo kò lè kún ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n wá mú Camry, èyí tí wọ́n fi ẹ́ńjìnnì V6 sí, wọ́n tún iwájú àti inú rẹ̀ ṣe, wọ́n sọ ọ́ ní ES 250. Òun ni ẹnu ọ̀nà àbáwọlé fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì tó LS. Láti ìgbà náà títí di nǹkan bí ọdún 2012, bí Camry bá ti yí padà ni ES náà ń yí padà lẹ́yìn rẹ̀ bí òjìji.

ES 330 tí Màmá ń wò, orí ìpìlẹ̀ kan náà pẹ̀lú Big Daddy ni wọ́n kọ́ ọ lé. Ẹ fi téèpù wọn àlàfo tó wà láàárín táyà iwájú àti táyà ẹ̀yìn: 2,720 mílímítà ni ti àwọn méjèèjì. ES 350 tó tẹ̀ lé e, tí àwọn ọmọ ìgboro ń lé kiri, Camry Muscle ni ọmọ ìyá rẹ̀, 2,775 mílímítà ni ti àwọn náà. Ẹ́ńjìnnì tó wà nínú ES 350 ọdún 2007 ló wà nínú Camry V6 ti ọdún yẹn. Agbára ẹṣin 272 ni wọ́n kọ sára ti Lexus, 268 ni wọ́n kọ sára ti Camry. Ẹṣin mẹ́rin péré! Ní ti ES 330, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó jẹ́ líítà 3.3 ló tún wà nínú Sienna ọdún 2004 sí 2006, Sienna tí ẹ ń wọ̀ láti Ìbàdàn lọ sí Èkó, tí wọ́n há yín mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ bíi sàdíìnì.

Èyí tó pa wá lẹ́rìn-ín jù lọ nìyí. Ní Japan, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ES, wọn kò pè é ní Lexus. Toyota Windom ni wọ́n ń pè é níbẹ̀ nígbà náà, láti ọdún 1991. Orúkọ Toyota ni wọ́n fi ń tà á fún àwọn ará ilé wọn, láìfi bò. Oṣù Kẹjọ ọdún 2005 ni wọ́n tó mú orúkọ Lexus wọ Japan. Ìyẹn ni pé ọdún tí wọ́n ṣe ọkọ̀ tí ọ̀gbẹ́ni yẹn ń fi yangàn sí Màmá, ọmọ Japan kan lè máa gbé irú rẹ̀ lọ sọ́jà kí ó sì máa pè é ní Toyota.

Nígbà tí ìpìlẹ̀ bá jẹ́ ọ̀kan, àìsàn náà ń jẹ́ ọ̀kan. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2009, Toyota kéde ní Amẹ́ríkà pé rọ́bà ìtẹ́lẹ̀ ọkọ̀ lè há mọ́ ibi tí ẹsẹ̀ fi ń tẹ iná, kí ọkọ̀ máa sáré láìdúró. Ọkọ̀ tó tó mílíọ̀nù 3.8 ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Inú ES 350 kan ni èèyàn mẹ́rin ti kú ní ìpínlẹ̀ California ní oṣù tó ṣáájú, ṣùgbọ́n orúkọ Camry ọdún 2007 sí 2010 wà nínú ìwé kan náà. Wọ́n tún ní ọ̀rọ̀ páìpù ọ́ìlì kan lára ẹ́ńjìnnì 3.5 yẹn tí wọ́n fi rọ́bà ṣe apá kan rẹ̀. Ó máa ń bẹ́, ọ́ìlì á dà, ẹ́ńjìnnì á sì kú bí awakọ̀ kò bá tètè dúró. Kò wo àmì tó wà níwájú ọkọ̀ kó tó bẹ́.

Ṣé jìbìtì wá ni gbogbo rẹ̀? Àwa méjì tí a ń sọ pé irọ́ ni, ọ̀rọ̀ tí a fi lé wọn nìyẹn. Àwọn méjì tó kù sì ní kí a lọ ka ìtàn Cadillac Cimarron ká tó máa pariwo. A lọ kà á. Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ fún yín, nítorí pé ibẹ̀ ni èrò wa ti yí padà díẹ̀.

Cadillac jẹ́ orúkọ ọlá ní Amẹ́ríkà tipẹ́tipẹ́. Ilé iṣẹ́ General Motors ló ni ín. Nígbà tí ọdún 1980 ń wọlé, àwọn ọ̀dọ́ olówó ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ra BMW àti Audi kékeré, àwọn tó ń ta Cadillac sì ń ké pé kí wọ́n fún àwọn náà ní ọkọ̀ kékeré. General Motors ní ọkọ̀ kan nílẹ̀ tí wọ́n ń pèsè fún àwọn mẹ̀kúnnù, Chevrolet Cavalier. Wọn kò ní àkókò, wọn kò sì fẹ́ ná owó púpọ̀. Wọ́n fi awọ sí ìjókòó rẹ̀, wọ́n fi A.C. sí i, wọ́n fún un ní rímù tó ń dán, wọ́n yí gíríìlì iwájú padà, wọ́n sì sọ ọ́ ní Cimarron. Ẹ́ńjìnnì líítà 1.8 tó wà nínú Cavalier ni wọ́n fi síbẹ̀, agbára ẹṣin 88. Wọ́n wá gbé owó lé e: dọ́là 12,181 ní ọdún 1981 tó jáde, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì owó Cavalier.

Àwọn ará Amẹ́ríkà kì í ṣe òpè. Ẹni tó bá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ Cimarron kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé Cavalier ni. Ilẹ̀kùn kan náà, òrùlé kan náà, ariwo ẹ́ńjìnnì kan náà. Ọdún 1985 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi V6 sí i fún ẹni tó bá fẹ́ san owó lé e, nígbà tí ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Wọ́n pa á tì ní 1988. Láàárín ọdún méje, 132,499 péré ni wọ́n ṣe. Ìwé ìròyìn Time kà á mọ́ ọkọ̀ 50 tó burú jù lọ láyé. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń bàjẹ́, wọ́n ní ó ń pọ́n.

Ohun tí ìtàn yẹn fi yé wa ni pé ES 250 àkọ́kọ́ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ Cimarron. Ọwọ́ yàrá ni wọ́n fi ṣe é, ẹni tó bá mọ Camry á dá a mọ̀. Ṣùgbọ́n Toyota kò jẹ́ kí ó pẹ́ lójú àgbo. Ọdún méjì péré ni, wọ́n sì fi ES 300 rọ́pò rẹ̀ ní 1991. Èyí ni wọ́n fi ojú ṣe. Ìpìlẹ̀ Camry ni o, a ò sọ pé kì í ṣe òun, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ yàtọ̀ láti iwájú dé bọ́ọ̀tù. Gíláàsì ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ní férémù. Bí ẹ bá ṣí ilẹ̀kùn, gíláàsì nìkan ló dá dúró. Wọ́n fi nǹkan tó ń gba ariwo sí abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì àti ẹ̀yìn dáṣíbọọ̀dù. Ní Amẹ́ríkà, wọn kò ta á pẹ̀lú sílíńdà mẹ́rin rárá ní gbogbo àsìkò tí a ń sọ yìí. V6 ni, ó parí. Ẹni tó san owó lé owó Camry rí nǹkan gbé lọ sílé.

Honda náà ṣe tirẹ̀ pẹ̀lú Acura, ó sì dà bí ẹni pé wọn kò kọ́ ẹ̀kọ́ náà tán. Acura ILX tó jáde ní ọdún 2012, Civic ni wọ́n fi kọ́ ọ. Èyí tí ọ̀pọ̀ rà ní agbára ẹṣin 150, nígbà tí Civic Si, tó jẹ́ ọkọ̀ mẹ̀kúnnù, ní 201. Wọ́n ní ILX tó ní 201 náà, ṣùgbọ́n gíyà ọlọ́wọ́ nìkan ni wọ́n fi sí i. Kí ni ẹni tó ń wá ìrọ̀rùn fẹ́ fi gíyà ọlọ́wọ́ ṣe? Ó tó ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó tún un ṣe. Ní 2022 ni wọ́n dá a dúró tí wọ́n dá orúkọ Integra padà.

Nítorí náà, ní ti Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ tí ọkọ̀ náà jẹ́ tuntun, a gbà fún àwọn méjì tó ní òótọ́ ni ọ̀gbẹ́ni yẹn sọ. ES 330 tuntun ju Camry tuntun lọ.

Ṣùgbọ́n Ìbàdàn la wà, ọkọ̀ náà sì ti tó ogún ọdún. Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Awọ ìjókòó tí wọ́n fi kún un ti ya ní ẹ̀gbẹ́ awakọ̀. Rédíò olówó ńlá inú rẹ̀ ti kú, wọ́n ti yọ ọ́, wọ́n ti fi ti Ṣáínà rọ́pò rẹ̀. Rọ́bà tó ń di ariwo mọ́ ìta ti gan lára ilẹ̀kùn. Ṣọ́kì tó ń mú un rìn bí ẹni pé ó ń léfòó, ta ni ó fẹ́ ra ojúlówó rẹ̀? Gbogbo ohun tí wọ́n fi kún Camry kí ó tó di Lexus ló ti gbó. Orúkọ nìkan ni kò gbó. Mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ yẹn, orúkọ ni wọ́n ń fi ra.

Orúkọ náà kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń san owó rẹ̀. Ọ̀kan nínú wa lọ sí ọjà kan tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ọkọ̀, ó ní òun fẹ́ ra plọ́ọ̀gì àti fílítà ọ́ìlì fún Lexus ES 330. Wọ́n dá iye kan fún un. Ẹlòmíràn nínú wa lọ síbẹ̀ lẹ́yìn wákàtí kan, ó ní Sienna 2005 ni òun fẹ́ rà á fún. Iye tí wọ́n dá fún un dín sí ti àkọ́kọ́ pẹ̀lú ìdá mẹ́ta. Ẹ má gbàgbé, ẹ́ńjìnnì kan náà ni. Bí ẹ bá ti ní ES 330 nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa pe ara yín ní onísienna bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìmọ̀ràn ọ̀fẹ́ nìyẹn.

Epo ńkọ́? Kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, líítà kan kò tó 200 náírà ní iléepo. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,000 ní ọ̀pọ̀ ibi. V6 líítà 3.3 nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìwó Road kò lè mu epo bíi sílíńdà mẹ́rin líítà 2.4. Timing belt náà tún wà níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ES 330 ń lo bẹ́líìtì tí wọ́n gbọ́dọ̀ pààrọ̀ bó bá ti rin nǹkan bí 144,000 kìlómítà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tòkunbọ̀ tí wọ́n ń tà sì ti kọjá ibẹ̀ láìsí ẹni tó mọ̀ bóyá wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ṣéènì ni Camry oní-sílíńdà mẹ́rin ń lo. Ẹni tó ń fi ọkọ̀ kó ẹrù aṣọ, tí owó ọjà rẹ̀ wà nínú aṣọ náà, kò gbọ́dọ̀ fojú kéré èyí.

A ò fẹ́ kí ẹ rò pé Camry jẹ́ áńgẹ́lì o. Ẹ́ńjìnnì 2.4 yẹn ní tirẹ̀. Ihò tí bóòtù tó di orí ẹ́ńjìnnì mú máa ń jẹ nínú àwọn Big Daddy kan, omi á máa jò, ẹ́ńjìnnì á máa gbóná. Muscle ọdún 2007 sí 2009 tó ní ẹ́ńjìnnì kan náà sì máa ń mu ọ́ìlì bí ẹni tó ń mu ògógóró. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí Màmá mú mẹkáníìkì tí wọ́n mọ̀ lọ́wọ́ lọ, kí ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kí ó wo omi, kí ó wo èéfín. Àwa tí a ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, a mọ orúkọ gbogbo nǹkan. Mẹkáníìkì ló mọ ohùn wọn.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí kò sí nínú ìwé ìmọ̀ ẹ̀rọ kankan, òun ló sì ṣòro fún wa jù láti kọ. Ní ìlú yìí, orúkọ tó wà níwájú ọkọ̀ ń ṣiṣẹ́ gidi. Ẹ gbé Lexus dé géètì àwọn ilé ìtura kan, wọ́n á kí yín kí ẹ tó sọ gíláàsì kalẹ̀. Ẹ gbé Camry dé ibẹ̀, wọ́n á béèrè ẹni tí ẹ fẹ́ rí. Oníbàárà tó bá rí ìyá aláṣọ tó sọ̀ kalẹ̀ nínú Lexus lè gbà pé ọjà wọn jẹ́ ojúlówó. Àwọn méjì tó ń gbèjà Lexus sọ èyí fún wa, a ò sì rí èsì kankan fún wọn. Wọ́n ní owó tí èèyàn fi ra iyì, ọjà ni òun náà.

Àmọ́ géètì kan náà tó ń ṣí fún Màmá, ó ń pa dé mọ́ àwa. Ọ̀rẹ́ wa kan gbé ES 350 àbúrò bàbá rẹ̀ lọ gba ẹrù ní ọdún tó kọjá. Ó wọ fáànù dúdú, ó dá irun rẹ̀. Àwọn agbófinró kan dá a dúró. Wọn kò béèrè ìwé ọkọ̀. Fóònù rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè, wọ́n ní kí ó ṣí i, kí ó ṣí àpò owó rẹ̀ ní báńkì. Wákàtí méjì ààbọ̀ ló lò níbẹ̀ kí àbúrò bàbá rẹ̀ tó dé. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún un pé, “Ọmọ ilé ìwé wo ló ń wa Lexus?” Kò pẹ́ sí ìgbà yẹn, ó wa Camry V6 ìyá ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọjá ní ojú ọ̀nà kan náà, wọ́n ju ọwọ́ sí i pé kí ó máa lọ. Ẹ́ńjìnnì kan náà! Àwọn ọ̀dọ́ tó jáde sí títì ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020 ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí, pé kí ọkọ̀, fóònù àti irun orí yé di ẹ̀rí ọ̀daràn. Ẹni tó dá ọ̀rẹ́ wa dúró àti ẹni tó ń ta ọkọ̀ fún Màmá, nǹkan kan náà ni wọ́n gbà gbọ́: pé àmì L ti sọ irú ẹni tó wà nínú ọkọ̀. Ọ̀kan fi ń gba mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀, èkejì fi ń gba fóònù.

Ẹni tí ìyá rẹ̀ fẹ́ ra ọkọ̀ ti gbà kí a kọ èyí: òun ló fẹ́ Lexus jù nínú gbogbo wa. Kì í ṣe nítorí ariwo tí kì í wọ inú rẹ̀. Ó fẹ́ kí ìyá òun fi gbé òun dé iwájú họ́sítẹ̀lì ní ọjọ́ tí a bá padà wọlé, kí àwọn kan tó máa ń fi bàtà rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ ní ọdún àkọ́kọ́ rí i. Ó sọ ọ́ jáde ní alẹ́ ọjọ́ kan, gbogbo wa sì dákẹ́. Ta ni kò yé nínú wa? A ti sọ fún ara wa pé a ò ní purọ́ níbí, nítorí náà ẹ gbọ́: ká ní ìyá tiwa ni, àwa náà lè sọ pé kí wọ́n gbé Lexus.

A padà lọ ní Sátidé kejì pẹ̀lú mẹkáníìkì. A ṣàlàyé gbogbo nǹkan wọ̀nyí fún Màmá, Windom, Sienna, bẹ́líìtì, gbogbo rẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọn kò sọ nǹkan kan. Wọ́n kọ́kọ́ jókòó sínú Camry, wọ́n pa ilẹ̀kùn dé. Wọ́n lọ jókòó sínú Lexus, wọ́n pa ti ìyẹn náà dé. Wọ́n pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ní, “Èyí rọ ẹ̀yìn mi lọ́rùn ju ìyẹn lọ, mi ò ní purọ́.” Ọ̀gbẹ́ni náà ti ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó lè ta á ní iye Camry pẹ̀lú ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba náírà lórí rẹ̀, nítorí pé ìyẹn ni iye tí ìrọ̀rùn ẹ̀yìn àwọn tó lójú àwọn. Ó ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ó ní ẹni tó mọ iyì wúrà là ń tà á fún.

“Ó dáa,” ni Màmá wí. “Tọ́jú wúrà rẹ.”

Camry ni wọ́n gbé. Mẹkáníìkì rí i pé omi kò jò, ó sì ní kí wọ́n pààrọ̀ ṣọ́kì ẹ̀yìn méjèèjì, wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀. Nínú owó tó ṣẹ́kù, wọ́n ra ẹrù àǹkárá méjì kún ọjà, wọ́n san owó ilé ìwé àbúrò ọ̀rẹ́ wa. Ọmọ wọn ṣì ń bínú díẹ̀. Ní ọjọ́ tí a wọlé, ó ní kí wọ́n já òun sílẹ̀ ní géètì kejì.